Lẹ́tà Kéékèèké Tó Wà Lókè Àkọlé

Bàbá mi kì í ra ìwé ìròyìn. Ẹ má rò pé ahun ni o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni lóòótọ́, àwọn ará àdúgbò wa ní Bàríga sì máa ń fi ìyẹn ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́, àmọ́ bàbá mi ò gbà pé ó yẹ kéèyàn dá ka ìwé ìròyìn nínú yàrá bí ẹni ń jẹ ẹran inú ìkòkò ní bòókẹ́lẹ́. Ìta gbangba ni wọ́n ti máa ń kà á, ní Onípanu, níbi tí oníwèé ìròyìn kan máa ń tẹ́ ọjà rẹ̀ sórí pákó. Láràárọ̀, àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́wàá á pé lé pákó yẹn lórí, wọn á ka iwájú gbogbo ìwé ìròyìn tán, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ iyàn. Oníwèé ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣí inú ẹ̀. Tó o bá ti ṣí inú, o ti rà á nìyẹn. Torí náà, iwájú nìkan ni wọ́n máa ń kà, ohun tí wọ́n bá sì rí níwájú ni wọ́n máa ń gbé lọ sílé fún ìyàwó àti ọmọ.

Èmi ni mo máa ń to iwájú ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn yẹn.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òórùn yíǹkì. Ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tiwa, Yorùbá la fi ń kọ ọ́. Olóṣèlú kan tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ò sí lórí àléfà ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Tuesday sì ni olóòtú wa máa ń wá dúró sẹ́yìn àga mi, tí á ní kí n gbé fọ́tò yìí síbí, kí n gbé àkọlé yẹn sọ́hùn-ún. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo ń yan bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó.

Bàbá mi náà ti to lẹ́tà jẹun rí. Láyé tiwọn, òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń ṣà á nínú àpótí, tí wọ́n á tò ó lódìlódì kó lè dúró dáadáa lórí ìwé. Ogójì ọdún ó lé ni wọ́n fi ṣe é ní Ṣómólú. Wọ́n lè ka ìwé látòkè, wọ́n lè kà á látìsàlẹ̀, wọ́n sì lè dúró sódìkejì títì kí wọ́n sọ ilé ìtẹ̀wé tó tẹ pátákó ìsìnkú kan. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, bàbá mi pe gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní, "Ẹ wá wo arọ́pò mi!" Láti ọjọ́ náà, bí ìwé ìròyìn wa bá ti jáde, wọ́n á nawọ́ sí i lórí pákó oníwèé ní Onípanu, wọ́n á ní, "Ọmọ mi ló to ìyẹn." Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé irọ́ wà nínú ẹ̀, ìjà dé.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lókè àkọlé ńlá iwájú ìwé, a máa ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Bí àkọlé bá ní OLÈ LÓ Ń ṢE ÌJỌBA WA, lẹ́tà kéékèèké tó wà lókè ẹ̀ á ní, "Ọmọ ẹgbẹ́ alátakò kan fẹ̀sùn kàn, ó ní." Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbé wa lọ sílé ẹjọ́. Bàbá mi kọ́ mi ní tiwọn kí n tó débi iṣẹ́ rárá. Wọ́n ní láyé àwọn, bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ wá fún àwọn láti tò, ìbéèrè kan ni ọ̀gá àwọn máa ń kọ́kọ́ bi oníròyìn: "Ta ló sọ ọ́?" Bí kò bá sẹ́ni tó sọ ọ́, wọn ò ní ṣa lẹ́tà kankan.

Nígbà tí kòrónà wá dé, tí wọ́n ní kí gbogbo ayé jókòó sílé, mo rò pé ìwé ìròyìn á gbàgbé òṣèlú fúngbà díẹ̀. Àrùn tó ń pa òyìnbó, tó ń pa ará Ṣáínà, tó ń pa èèyàn dúdú, kí ló kàn án nínú ẹgbẹ́ òṣèlú? Hùn! Èmi ni mo gọ̀. Ìwé ìròyìn tó wà lẹ́yìn ìjọba kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn èèyàn wọn ti ṣẹ́gun àrùn, nígbà tí àrùn ò tíì mọ̀ pé wọ́n ń bá òun jà. Tiwa ní ọ̀nà àtijẹun ni ìjọba fi àrùn ṣe. Òmíràn ní àwọn olówó tó ń wọ bàálù nìkan ló ń mú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn ìjọba ní àwọn alátakò ló ń tàn án kálẹ̀, tiwa náà sì dá wọn lóhùn, bí àwọn ọmọdé tó ń bú ìyá ara wọn. Nínú gbogbo wọn, mi ò rí ẹyọ kan tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síwájú pé bí èémí rẹ bá ń gé, tètè wá ìtọ́jú. Ìyẹn ò tajà. Èmi náà ò sì dá a lábàá, torí oṣù ń lọ, mo fẹ́ gbowó mi.

Bàbá mi ní tiwọn ṣọ́ra. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ń so ìbòmú wọn. Ìyá mi, ọmọ Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà ní Bàríga, ló fi àjákù aṣọ rán ìbòmú náà fún wọn, ó tóbi débi pé ojú nìkan ló ń yọ síta. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ìjọba jẹ́ ká máa jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n padà sí Onípanu, àmọ́ wọn ò sún mọ́ pákó mọ́. Wọ́n ti gbọ́ lórí rédíò pé kéèyàn máa jìnnà síra. Wọ́n á dúró lókèèrè, nítòsí gọ́tà, wọ́n á na ọrùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, olóòtú wa gbé ọ̀rọ̀ wá. Olóṣèlú tó ń gbọ́ bùkátà ìwé ìròyìn wa ti lọ pín ìrẹsì, ó sì ti sọ fún àwọn tó wá gbà á pé kò sí àrùn kankan níbí, kí wọ́n má jẹ́ kí ìjọba fi dẹ́rù bà wọ́n. Àkọlé tí olóòtú fún mi ni KÒ SÍ KÒRÓNÀ NÍBÍ. Mo tò ó. Mo wá kọ lẹ́tà kéékèèké sókè ẹ̀: "Olóṣèlú kan sọ níbi ìpín-ìrẹsì pé." Olóòtú ní kí n fà á kéré sí i, ó ń dí fọ́tò lọ́wọ́. Mo fà á kéré. Ó ní kó tún kéré sí i.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló máa rí èyí?"

Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ rí i, á sún mọ́ ọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fà á wálẹ̀ sí pọ́ìntì mẹ́sàn-án, ìyẹn ìwọ̀n tá a fi ń kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé, tí kì í sí níwájú ìwé rárá. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì wọlé lọ jẹun ní Fọlá Àgòrò níbi tí mò ń gbé.

Ọjọ́ Sunday ni mo lọ kí wọn ní Bàríga. Àlejò kún iwájú ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n jọ to lẹ́tà láyé ọjọ́un ló wá ṣèpàdé, wọ́n fún mọ́ra wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kèékèé, kò sí ìbòmú lẹ́nu ẹyọ ẹnì kan. Èyí tó jókòó ti bàbá mi ń wúkọ́ sínú ọwọ́, ọwọ́ kan náà ló fi ń bù nínú ẹ̀pà tí wọ́n jọ ń jẹ.

Mo ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá. Bàbá mi, ìbòmú yín ńkọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní, "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó to ìwé ló ń bi mí léèrè ìbòmú." Wọ́n wá yíjú sáwọn ọ̀rẹ́ wọn. "Ọmọ yìí ló tò ó. Mo rí i láti ọ̀ọ́kán, mo ti mọ ọwọ́ ẹ̀. Mo ní bí ilé iṣẹ́ ọmọ mi bá ti lè tẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé wọ́n ti wádìí ẹ̀."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ ò ju méjì lọ: irọ́ ni. Àmọ́ àwọn bàbá yẹn ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó gba ẹ̀bùn wá láti iléèwé. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo gba àdúrà tí wọ́n ń gbà lé mi lórí, mo wọlé lọ bá ìyá mi. Títí dòní, bí mo bá rántí ọ̀sán yẹn, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Kí ló ṣe mí? Ṣé mi ò lẹ́nu ni?

Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ìyá mi fi pè mí, tó ní bàbá mi ń gbéra ga. Mo ní gbéra ga báwo? Ó ní òun gbé ẹja tútù tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yan kalẹ̀, bàbá mi ní àwọn ò gbóòórùn kankan, wọ́n ní kò dùn. Ẹja tí àwọn èèyàn ń ti Yábàá wá rà! Inú ń bí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ìlàjẹ sí mi lórí fóònù. Mo ti to àmì kòrónà yẹn sínú ìwé rí, ní ojú ewé keje, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ.

Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, wọ́n ń mí bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Mo ní ká lọ yẹ ara wọn wò. Wọ́n ní ibà ni. Mo ní ká ṣáà lọ. Wọ́n ní ṣé kí ìjọba lè kọ orúkọ àwọn sílẹ̀ fún àìsàn tí kò sí? Mo ní dókítà kan sọ lórí rédíò pé àrùn náà wà. Wọ́n ní dókítà ìjọba ni. Mo padà lọ́jọ́ kejì, mo mú ọsàn dání, mo tún bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, mo sunkún. Gbogbo nǹkan ni mo sọ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àfi ìkan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ. Mò ń bá ìwé ìròyìn mi jà níwájú bàbá mi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tèmi ni irọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, ètè wọn ti ń dúdú. Ìyá mi wà létí ọ̀sà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

"Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́. Àkọlé yẹn."

Wọ́n lajú. "Ta ló sọ ọ́?"

"Olóṣèlú ni. Níbi tó ti ń pín ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó wádìí ẹ̀."

"Ẹ ò kọ ẹni tó sọ ọ́ síbẹ̀ ni?"

"A kọ ọ́ sókè àkọlé. Lẹ́tà kéékèèké ni."

"Pọ́ìntì mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́sàn-án, sà."

Mo rò pé wọ́n máa bú mi, mo tiẹ̀ ń tọrọ ẹ̀ nínú ọkàn mi pé kí wọ́n bú mi. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀, bí ẹni ń ṣàlàyé ara ẹ̀ fún ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ìdí gọ́tà ni mo dúró sí, ọmọ mi. Wọ́n ní ká jìnnà síra. Mi ò lè rí pọ́ìntì mẹ́sàn-án láti ibẹ̀."

Mo dojú délẹ̀. Mo sunkún débi pé mi ò mọ ìgbà tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní, "Ó tó. Bá mi mú fìlà mi. Jẹ́ ká lọ."

Wọn ò bá mi jiyàn mọ́ rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta fi í pamọ́ sẹ́nu. Mo ránṣẹ́ pe ìyá mi létí ọ̀sà. Kò fẹ́ kí wọ́n lọ, ó ní àgbo ni kí àwọn sè, ó dí ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màmá, ẹ gbà mí gbọ́, ìtọ́jú ni wọ́n fẹ́ lọ gbà." Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé bàbá mi lọ sí ibùdó tí wọ́n ń kó àwọn alárùn sí, wọn ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wa tẹ̀ lé wọn wọlé.

Bàbá mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Èmi nìkan ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, fóònù ìyá mi ti kú sétí ọ̀sà. Wọ́n ní, "Wọ́n fún wa lẹ́kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mọ́ínmọ́ín wọn ò níyọ̀." Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ò lè tọ́ nǹkan wò mọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀? Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tán kí ìpè tó já. Lọ́jọ́ karùn-ún, obìnrin kan láti ibùdó náà fi nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí, ó kọ́kọ́ béèrè bóyá mo jókòó. Wọ́n sin bàbá mi láìjẹ́ kí a wẹ̀ wọ́n. Òkèèrè la dúró sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́. Àmọ́ bàbá mi ti lọ kó tó bá a.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, olóòtú wa pè mí. Ó kí mi kú àmúmọ́ra, ó gbàdúrà fún mi dáadáa. Ó wá ní, "Ǹjẹ́ o ní fọ́tò bàbá tó ṣe kedere?" Mo rò pé ìkéde ìbánikẹ́dùn ni. Ó ní rárá, ìròyìn iwájú ìwé ni. Ó ní aráàlú gbọ́dọ̀ mọ bí ìjọba ṣe ń fi ebi pa àwọn àgbàlagbà ní ibùdó wọn.

Mo ní, "Ebi kẹ̀? Ta ló sọ ọ́?"

Ó ní, "Àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bú ọkùnrin yẹn. Mi ò bú ọ̀gá kankan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ní kòrónà ló pa bàbá mi, mo ní wọ́n jẹ ẹ̀kọ, mo ní wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Mo ní bó bá fi tẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run ló máa dá a lẹ́jọ́. Ó ní inú ló ń bí mi, kí n sinmi. Mi ò padà síbi iṣẹ́ yẹn mọ́. Wọ́n fi ẹlòmíì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi, ó sì to iwájú ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn: EBI NI WỌ́N FI PA BÀBÁ ARÚGBÓ. Wọn ò kọ orúkọ, wọ́n kọ Bàríga. Wọn ò rí fọ́tò, wọ́n fi abọ́ òfìfo síbẹ̀. Lókè pátápátá, lẹ́tà kéékèèké náà wà níbẹ̀: "Àwọn aládùúgbò fẹ̀sùn kàn." Ìwé ìròyìn tó wà lẹ́yìn ìjọba dáhùn lọ́jọ́ kejì pé àwọn alátakò ń fi òkú ṣòwò. Bàbá mi di bọ́ọ̀lù láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà wọ́n rí nǹkan míì gbá.

Ìyá mi ò lè kàwé. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà ló ka àkọlé náà fún un létí ọ̀sà, látorí fóònù ara ẹ̀, níwájú àwọn oníbàárà. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ààrò tí iná ti kú, gèlè ẹ̀ ti tú.

Ó ní, "Òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni, Màmá. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Bàbá jẹun. Wọ́n pè mí, wọ́n ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fún àwọn."

"Ṣé o fojú ara ẹ rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Mi ò rí i, mà. Àmọ́ mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àwọn nǹkan yìí. Ibi iṣẹ́ mi ni."

"Ibi iṣẹ́ ẹ ló kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibi iṣẹ́ ẹ tí bàbá ẹ máa ń sọ pé wọn kì í tẹ irọ́?"

Mo ṣàlàyé títí, mo sọ ti olóṣèlú, mo sọ ti lẹ́tà kéékèèké, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó ń wò mí, omi ń dà lójú ẹ̀. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó ní, "Mo dí ẹnu ọ̀nà. Ìwọ lo fà mí kúrò."

Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lé mi, kò ṣépè. Ọmọ ẹ̀ ni mo ṣì jẹ́, mo sì ń lọ bá a ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mò ń tò báyìí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ṣómólú, orúkọ ìyàwó àti ọkọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn sí i. Bí mo bá ti dé, ìyá mi á bu oúnjẹ fún mi kí n tó kí i tán, oúnjẹ tó pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè jẹ lọ, pẹ̀lú ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò. Á jókòó sí ọ̀ọ́kán mi, á máa wo ẹnu mi. Bí mo bá dáwọ́ dúró, á fi abọ́ náà sún mọ́ mi. Á ní, "Jẹun. Wọn ò fún bàbá ẹ jẹ." Mo máa ń jẹ ẹ́ tán.